Hodo Pẹ́ Kó Tó Dé Vlorë

Shullëz, orí òkè,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, ọdún 2012.

Rudina, ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ẹ̀fọ́rí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu níjọ́sí ti lọ, ṣé àwọn tó ń gbé lókè orí rẹ ti yé wọ́ àga nílẹ̀ nígbà tí o bá fẹ́ sùn? Ìyá rẹ Sanie kí ọ, Refat àti Sulo kí ọ, ewúrẹ́ mẹ́rìndínlógún kí ọ, èyí tó já sí kòtò lọ́sẹ̀ tó kọjá ìbá kí ọ náà ká ní ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Ọlọ́run tó ń di àpáta òkè yìí mú tí kò jẹ́ kó yí lu ilé wa kò ní jẹ́ kí ohunkóhun yí lù ọ́ ní Tiranë. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ kò ní kórìíra rẹ. Oúnjẹ tí o bá rà kò ní jẹ́ èyí tó ti sùn níta fún ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá sì jẹ́ pé ọkọ lò ń wá, èmi kò bèèrè o, ìyá rẹ ló ní kí n kọ ọ́, Ọlọ́run á fún ọ ní ẹni tó lè pa ilẹ̀kùn dé láìjẹ́ kó dún gbàà.

Nexhip awakọ̀ ni yóò gbé lẹ́tà yìí wá fún ọ lọ́la. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò fi fóònù tó o rà fún mi pè ọ́. Mo pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè ọ́ láàárọ̀ àná, mo wọ fìlà, mo dìde dúró kí n tó tẹ̀ ẹ́, àmọ́ obìnrin yẹn ló ń gbé e. Rudina, ta ni obìnrin yẹn? Ohùn rẹ̀ tutù, ó dà bí ọmọ tí wọ́n kọ́, ṣùgbọ́n mo kí i títí, mo béèrè ará ilé rẹ̀, mo ní ta ni baba rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ, pé o kò sí nítòsí. Èmi náà mọ̀ pé o kò sí nítòsí, ìdí tí mo fi ń pè nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà ni, sọ fún un kó máa dá àgbàlagbà lóhùn. Mi ò bínú sí i. Mo fi asálà ránṣẹ́ sí i nínú àpò funfun, èyí tó wà nínú àpò pupa ni tìrẹ, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira wa tí a ṣe lánàá ní Vlorë, ìlú etíkun tí wọ́n ti kọ́kọ́ ta àsíá òmìnira náà sókè, àti bí orúkọ Hodo, baba baba mi, ṣe di ohun tó dà. Ó yẹ kí n ti orí fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀, nítorí fọ́ọ̀mù náà ló bí gbogbo rẹ̀.

Nínú oṣù kẹsàn-án ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ornela, tó ń ṣe iṣẹ́ àṣà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, fi ẹsẹ̀ gun òkè wá, bàtà rẹ̀ ti ya. Ó ní ìjọba fẹ́ kọ ìtàn gbogbo abúlé sínú ìwé ńlá kan, ó sì fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n sọ ohun tí Hodo ṣe fún òmìnira. Mo yá gíláàsì Refat, mo jókòó sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi bí ọlọ́pàá. Fọ́ọ̀mù náà ní kí n kọ ibi tí wọ́n ti lè rí ẹni náà, mo kọ ọ́ pé ní itẹ́ òkú, sàréè kẹta láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní ta ni ẹlẹ́rìí, mo kọ ìbaaka. Lẹ́yìn náà ni mo wá kan àwọn àpótí kéékèèké mẹ́rìnlá tí wọ́n tò sísàlẹ̀ ara wọn, wọ́n ní kí n fi àmì sí i. Àmì wo ni mo tún ní, tó ju àmì etí àgùntàn ilé wa lọ, ìlà méjì ní apá òsì, ihò kan ní apá ọ̀tún? Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í sàmì sí àgùntàn kan kí a fi ìyókù sílẹ̀ fún olè. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mo sàmì sí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ó sì gún régé. Ìyá rẹ ní mi ò ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ní ta ló ń ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgùntàn?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ìjọba dé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó tóbi bí àwo. Wọ́n ní wọ́n ti gba ìtàn Hodo, àti pé nínú gbogbo abúlé ìjọba ìbílẹ̀ wa kò sí akọni tó tó o. Wọ́n ní ó ti dé Vlorë kí wọ́n tó ta àsíá sókè, pé ó fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀, pé wọ́n yìnbọn lù ú lẹ́ẹ̀mejì, pé wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, pé ó kọ́ ilé ìwé, pé ó kú sójú ogun. Rudina, mo sunkún. Mo sunkún gidi nítorí ìyà tó jẹ ọkùnrin náà, kí n tó rántí pé ojú mi ni Hodo ṣe kú, lórí ibùsùn rẹ̀, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, lẹ́yìn tó jẹ àwo ẹ̀wà méjì tó sì ń bèèrè ẹ̀kẹta.

O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní tòótọ́, orí itan mi lo ti gbọ́ ọ, àmọ́ jẹ́ kí n tún un sọ nítorí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi kún etí yín ní Tiranë. Abúlé wa rán Hodo sí Vlorë ní ọdún 1912 pé kó lọ bá wọn fi ohùn Shullëz kún ohùn orílẹ̀-èdè. Kò ní ẹran tó lè gùn, ó yá ìbaaka lọ́wọ́ ìdílé Lamaj, ìyẹn ìdílé Zeqo aládùúgbò wa. Ó sùn sí abúlé kan lójú ọ̀nà, onílé sì pa ọ̀dọ́ àgùntàn fún un. Ta ló lè dìde nídìí ẹran àlejò? Ọjọ́ méjì ló fi jẹun. Nígbà tó dé Vlorë, àsíá ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láti ọjọ́ kẹta, ó rí i, ó rí èrò tó ń jó, ó sì béèrè pé ìyàwó ta ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ àsíá náà kalẹ̀ kí wọ́n tún un ta, kí òun lè búra nílé pé òun rí i. Wọ́n ní ó ya wèrè. Ó wá dúró sábẹ́ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó dá orin tirẹ̀ kọ, ó sì gun ìbaaka rẹ̀ padà. Ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ló wọlé, ọjọ́ yẹn ni òmìnira dé Shullëz, ọjọ́ yẹn náà ni baba mi àti èmi máa ń ṣe ọdún rẹ̀, kí ìjọba tó wá sọ fún wa pé a ti ń pẹ́.

Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú orin wa, èyí tí àwa mẹ́rin máa ń kọ. Tí kì í bá ṣe ti ọ̀dà ni, ǹ bá ti kọ̀wé sí wọn pé etí àgùntàn ni wọ́n kà. Ṣùgbọ́n Ornela tún padà wá, ó ní Baba Meleq, ẹ kú oríire, abúlé yín ni yóò kọrin ṣíwájú ní Vlorë, abúlé tó bá sì ṣíwájú ni wọn yóò da ọ̀dà sí ọ̀nà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ odò dé ojúde. Ó ní ohun kan péré ló kù, pé orin wa gbọ́dọ̀ bá fọ́ọ̀mù mu, nítorí ìwé kò lè máa lọ síwájú kí orin máa lọ sẹ́yìn. Mo ní ṣé a kò lè tún fọ́ọ̀mù ṣe. Ó ní rárá, ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Mo bi í pé ṣé inú rẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, Baba.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìwọ ni mo rò. Ní ọdún méjì sẹ́yìn tí o wá, òkúta ya ikùn ọkọ̀ kékeré rẹ nísàlẹ̀ odò, epo rẹ̀ ń kán bí imú ọmọ, o sì sọ pé o kò ní gun òkè yìí mọ́ títí wọn yóò fi da ọ̀dà sí i. O lè ti gbàgbé pé o sọ ọ́. Ìyá rẹ kò gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá ti hàn nísàlẹ̀, á nu ọwọ́, á jáde, á tún wọlé. Mo wá rò ó pé kí ni irọ́ kékeré lára òkú tí ikùn rẹ̀ yó kó tó kú? Mo yọ ìbaaka kúrò nínú orin, mo yọ ọ̀dọ́ àgùntàn, mo yọ ìbéèrè ìyàwó, mo sì fi èyí sí i pé: Hodo fò dé Vlorë kí àkùkọ tó kọ, òun ló di okùn àsíá mú.

Refat àti Sulo tó máa ń fa ohùn nílẹ̀ fún wa kò ní wàhálà, wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ kankan nínú orin, eee nìkan ni tiwọn, eee kò sì lè parọ́. Zeqo ni ìṣòro. Èmi ni mo ń dá orin, òun ló ń gé e, ìyẹn ni pé òun ló ń gba ìlà náà lẹ́nu mi fi ohùn tirẹ̀ dáhùn, bí kò bá sì gé ìlà tí mo dá, mi ò lè bọ́ sí ìlà kejì, bí baba wa ṣe kọ́ wa nìyẹn. O mọ̀ pé láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn tí a ti jà lórí igi asálà tó wà ní ààlà, èmi àti òun kò kí ara wa, inú orin nìkan la ti ń pàdé. Nítorí náà mo rán ìyá rẹ sí i pé kó sọ bí orin ṣe yí padà fún un. Ó ní òun ti gbọ́. Inú mi dùn. Ó yẹ kí n rántí pé ní òkè yìí, ẹni tó ní òun ti gbọ́ kò tíì ní òun gbà.

Nígbà tí ọjọ́ kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ mo ní kí o wá gbọ́ wa ní Vlorë, níbi tí ọ̀dà wà, o ní wàá gbìyànjú. Èmi náà sì ń wo ẹnu ọ̀nà pápá ní gbogbo àná.

Vlorë pọ́n, ó dúdú, àsíá wà lára ilé, lára ọkọ̀, lára ajá kan pàápàá. Wọ́n kọ́kọ́ pe ọmọkùnrin kan tó ń kọrin sínú gbohùngbohùn. Ẹ̀bùn ọmọ náà kò kéré, Rudina, ó yọ omi, ó mu ún, orin rẹ̀ kò sì dúró. Ó yọ gbohùngbohùn lẹ́nu kó lè juwọ́ sí àwọn ọmọge, orin ń lọ. Mo sọ fún Refat pé ọ̀fun méjì ni Ọlọ́run fún ẹni yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gá ńlá kan láti Tiranë sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ó ní òmìnira ni kí gbogbo èèyàn sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, Ornela sì yọ́ wá bá mi létí pé Baba, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù nìkan o.

A bọ́ síta nínú aṣọ funfun wa. Refat àti Sulo ti ohùn bọlẹ̀, eee, ó dúró dáadáa, mo sì dá a pé Hodo fò dé Vlorë kí àkùkọ tó kọ. Mo dúró de Zeqo. Zeqo ń wo òkun. Mo rò pé kò gbọ́, mo tún un dá, mo gbé e sókè sí i. Zeqo yọ aṣọ ìnuwọ́, ó nu irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì dá a padà sápò. Refat ti ń pọ́n bí àsíá, Sulo ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ti di apá mi mú, eee kò gbọdọ̀ já, tó bá já níwájú èèyàn, wọn yóò máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọmọ ọmọ. Mo dá a lẹ́ẹ̀kẹta, ojú mi lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo ní bóyá o ti wọlé, n kò rí ọ. Ọ̀nà ọlọ́dà ń lọ níwájú mi, dúdú, dídán. Mo sì rí Hodo tó jókòó ti àwo ẹ̀wà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ogún ìṣẹ́jú. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni èyí tí baba mi kọ́ mi:

Hodo gun ìbaaka Lamaj, ó dé Vlorë lọ́jọ́ kẹta,
Ó gbójú sókè, ó ní, ìyàwó ta lẹ̀ ń gbé?

Ha, Zeqo gé e bí ẹni gé wàràkàṣì. Ohùn rẹ̀ kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tá a ti ń kọrin. Gbogbo àwọn arúgbó tó ti òkè wá dìde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ìka nu ojú. Ọ̀gá ńlá láti Tiranë náà dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, nítorí kò gbọ́ ìlà kan nínú bí àwa ará òkè ṣe ń sọ̀rọ̀. Ornela gbọ́ ọ. Kí a tó dé orí ọ̀dọ́ àgùntàn, wọ́n ti pa gbohùngbohùn, ọmọ ọlọ́fun méjì sì ti padà sórí pèpéle.

Ọ̀dà ti lọ sí Brezhan, abúlé tó kángun sí tiwa, wọ́n ní baba ńlá tiwọn ti dé Vlorë láti ọjọ́ méjì ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan àsíá. Wọ́n gbé òkúta mábù tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìrántí Hodo fún wa nítorí wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán, ó wà lára rẹ̀ pé ó kú sójú ogun. Ìyá rẹ ti fi í tẹ wàràkàṣì, ó ní kò sí òkúta tó tẹ̀ ẹ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ornela tún fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́ pé kí á dá owó oúnjẹ ọ̀sán ẹni mẹ́rin padà, nítorí orin tí a kọ kọ́ ni wọ́n bọ́ wa fún.

Nínú ọkọ̀ Nexhip, nígbà tí à ń padà bọ̀, mo bínú débi pé mo bá Zeqo sọ̀rọ̀. Mo ní Zeqo, o ba ayé mi jẹ́. Ó ní Meleq, o yọ ìbaaka wa kúrò. Ó ní nínú gbogbo ìdílé Lamaj láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, ìbaaka yẹn nìkan ló wọ inú orin rí, mo sì fẹ́ jù ú sígbó nítorí ọ̀dà. Mo ní kì í ṣe nítorí ọ̀dà. Ó ní òun mọ̀, nítorí Rudina ni. Nígbà tí a kọjá afárá, ó wá sọ pé Athens ni ọmọ òun wà, pé ọ̀dà ló wà láti Athens dé ìsàlẹ̀ odò wa, ó dán bí àwo, wọ́n sì fi iná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ọmọ náà kò tíì tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fún mi ní tábà. A kò sọ ọ̀rọ̀ igi asálà, ìyẹn á di ọjọ́ mìíràn.

Rudina, ọkàn mi bàjẹ́ lánàá, n kò ní purọ́ fún ọ, irọ́ ti sú mi lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó rò ó láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ọjọ́ kejì oṣù kejìlá, ọjọ́ tí Hodo wọlé. Èmi, Zeqo, Refat àti Sulo yóò kọ orin náà tán lójúde, pẹ̀lú ọ̀dọ́ àgùntàn àti gbogbo rẹ̀, láìsí gbohùngbohùn. Fi ọkọ̀ rẹ sílẹ̀ nísàlẹ̀ odò, Zeqo ní òun yóò mú ìbaaka wá pàdé rẹ, ó ní ti ìdílé Lamaj náà ni, bíi ti Hodo. Tí ojú ọ̀nà bá dá ọ dúró, tí ó di alẹ́, tí ó di ọjọ́ Ajé, ṣáà máa bọ̀, a ó fa ohùn nílẹ̀ dè ọ́. Mú obìnrin inú fóònù náà dání, ibùsùn wà.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, bá mi fi owó díẹ̀ rán Nexhip, fún oúnjẹ ẹni mẹ́rin tí a jẹ yẹn, àti fún egbòogi ikọ́ Sulo, eee ọjọ́ náà kò tíì kúrò nínú àyà rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ kò bá dẹ̀, máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọlọ́run yóò tọ́ ìṣísẹ̀ rẹ, òkúta yóò yà fún ọ, odò kò ní kún lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ sọdá. Àwọn tó tètè dé Vlorë ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pọ̀ bí iyanrìn, ní Shullëz a kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Ẹni tó pẹ́ là ń kọrin fún.

Èmi ni baba rẹ,
Meleq, ọmọ ọmọ Hodo.